“Ẹja tútù” kì í ṣe “cold fish”: bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn tó jọra

Ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ra pátákó kan. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tó wà nílé-ìwé girama bá òun kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn oníbàárà tó ń ti Gánà wá. Ọmọ náà kọ ọ́ gàdàgbà: COLD FISH. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó kà á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́nu àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, “cold fish” ni ẹni tí kò lọ́yàyà, tí ojú rẹ̀ kì í fi ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ hàn. Ọmọ yẹn kò sì ṣi lẹ́tà kankan kọ. Ó kàn rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan gbọ́dọ̀ ní ìkejì kan ṣoṣo lédè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Àṣìṣe yìí ni mo ń bá pàdé jù nínú ìwé àwọn tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Girama wọn ń gún régé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ ń pọ̀ sí i, àmọ́ tí wọ́n bá ti dé ìkóríta “tall” àti “high”, tàbí “historic” àti “historical”, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ tún le díẹ̀, torí Yorùbá ń fà wá lápá ọ̀tún, Faransé ń fà wá lápá òsì. Ẹni tó ti lè kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹ fa ìlà sí ojú rẹ̀ kó di òpó mẹ́rin: gbólóhùn Yorùbá, òdì-kejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn.

Fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìwé atúmọ̀ èdè tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Oxford Learner's àti ti Longman wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Èyí tó ń fi Faransé túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ rà nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe BEPC, ìdánwò àárín ilé-ìwé girama, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ kàn gbé e sórí àjà títí a ó fi dé ìpele kẹta.

Gbólóhùn márùn-ún tí ẹ ti kọ sí ènìyàn rí: àtẹ̀jíṣẹ́ sí oníbàárà, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ohun tí ẹ kọ sára pátákó. Ẹ má mú àpẹẹrẹ inú ìwé ilé-ìwé. Àṣìṣe tiyín ni a fẹ́ wò.

Ìpele 1: Ẹ wá òdì-kejì rẹ̀ kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lè gbé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà dání, a ò sì ní mọ̀, torí àwa ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Òdì-kejì ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú “tutù” yẹn gan-an.

Omi tútù: òdì-kejì rẹ̀ ni gbígbóná. Cold.

Aṣọ tó tutù lórí okùn: òdì-kejì rẹ̀ ni gbígbẹ. Wet.

Ẹ̀fọ́ tútù: òdì-kejì rẹ̀ ni èyí tó ti rọ. Fresh.

Ẹran tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́dọ̀ alápatà: òdì-kejì rẹ̀ ni sísè. Raw.

Igi ìdáná tútù, èyí tó ń rú èéfín sí wa lójú: òdì-kejì rẹ̀ ni igi gbígbẹ. Green, kódà bí èèpo rẹ̀ bá dúdú bí aró.

Ọmọ tó níwà tútù: òdì-kejì rẹ̀ ni oníjàgídíjàgan. Gentle, tàbí calm.

Ẹja wá ńkọ́? Ẹja ló ṣòro jù níbẹ̀, torí òdì-kejì méjì ló ní. Ẹni tó bá wá láti etí odò, tó fi agbọ̀n ru ẹja tí wọ́n kó nínú àwọ̀n láàárọ̀, òdì-kejì tirẹ̀ ni ẹja yíyan: “fresh fish” ló ń tà. Àmọ́ ìyá tiwa yìí, inú fìríìjì ńlá ni ẹja rẹ̀ wà, ó sì ti le bí òkúta; òdì-kejì tirẹ̀ ni ẹja tí kò wọ inú yìnyín rárá. Bó bá kọ “fresh” sára pátákó, irọ́ ló pa fún oníbàárà. Tirẹ̀ ni “frozen fish”. Àwa ń pe méjèèjì ní ẹja tútù, ẹnikẹ́ni kì í sì bínú.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú “dùn”. Oyin dùn, òdì-kejì rẹ̀ ni kíkorò, nítorí náà “sweet”. Ọbẹ̀ dùn, òdì-kejì rẹ̀ ni ọbẹ̀ tó tẹ́, nítorí náà “tasty” tàbí “delicious”. Àríyá dùn: “enjoyable”. Mo mọ̀ pé àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà ń sọ pé ọbẹ̀ “sweet”, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ti Èkó wá, ẹ bá a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù, á rò pé ẹ da ṣúgà sínú ẹ̀gúsí ni.

Lẹ́yìn náà ẹ mú “le”, kí ẹ ṣe é fúnra yín kí ẹ tó ka ìlà tó kàn: iṣẹ́ tó le, òkúta tó le, atẹ́gùn líle, ọtí líle, tíṣà tó le, àìsàn tó le.

Tèmi rèé: difficult, hard, strong, strong, strict, serious. Bí ẹ bá kọ “hard work” fún iṣẹ́ tó le, ẹ kò jìnnà, àmọ́ “hard work” sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ àṣekára, èyí tó gba okun. Èyí tó gba ọpọlọ ni “difficult” bá mu jù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí òpó kẹta, wọ́n á wá padà lọ wá òdì-kejì tí yóò bá a mu. Ìyẹn ni pé wọ́n ti dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Òpó kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ kún.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ bo òpó kẹta, kí ẹ túmọ̀ òdì-kejì nìkan sí Gẹ̀ẹ́sì: hot, dry, cooked. Ibi tí àwọn òdì-kejì bá ti yàtọ̀, ó yẹ kí ẹ fura sí ọ̀rọ̀ tí ẹ bo mọ́lẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tí ẹ kọ “cold” sí, tí òdì-kejì ọ̀kan jẹ́ “hot”, tí ti èkejì jẹ́ “dry”, ẹ ti mú olè.

Ìpele 2: Ẹ béèrè ta ló ń bá a rìn

Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ pé aṣọ kan “pupa báláú”. Etí ọmọ ọdún mẹ́rin ní Kétu kò ní gbà á. Funfun ló ń jẹ́ báláú, pupa ló ń jẹ́ fòò, ohun tó mọ́ ló ń mọ́ tónítóní, ohun tó ga ló ń ga fíofío. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa nídìí rẹ̀. A bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí, àyàfi pé tiwọn ò hàn bíi tiwa. Òjò ńlá tó ń rọ̀ kì í jẹ́ “big rain”, “heavy rain” ló ń jẹ́. Atẹ́gùn ńlá kì í jẹ́ “heavy wind”, “strong wind” ni. Kùrukùru tó bo òkè Sábẹ láàárọ̀ ọyẹ́: “thick fog”. Oorun àsùnwọra: “deep sleep”. Ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà títí a ò fi lè kọjá: “heavy traffic”. Ẹ má béèrè ìdí tí ọkọ̀ fi “wúwo” lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá bi yín pé kí nìdí tí funfun fi ń jẹ́ báláú, kí lẹ máa sọ?

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe lásán sínú ìwé yín mọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń bá rìn, méjèèjì pọ̀ bí àgbo àti ìkòkò rẹ̀. Kì í ṣe “heavy = wíwúwo”. “Heavy rain”, “heavy traffic”, “heavy load” ni kí ẹ kọ.

Àwọn ìdílé kan wà tó ní òfin tó ṣeé dì mú. “Tall” àti “high” wà lára wọn. “Ga” la ń pe méjèèjì. Ohun tó dúró ṣánṣán, tí gíga rẹ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, ni “tall”: ènìyàn, igi àgbọn, ilé alájà púpọ̀. “High” ń sọ bí nǹkan tàbí orí rẹ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó. Pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ òkè ògiri kúrú, kò fẹ̀, àmọ́ “high shelf” ni, torí ọwọ́ ò tó o. Òkè àti ògiri náà ń jẹ́ “high”. Ènìyàn tí ẹ bá pè ní “high”, ẹ ti ní ó mugbó yó.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ dúró síbí díẹ̀. Ọjà ló ń jẹ́ “expensive”. Iye owó kì í jẹ́ “expensive”, “high” ló ń jẹ́. “The price is expensive” kún gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo ti rí láàárín àwọn tó ń kọjá ní ẹnubodè Ìgòlò lọ Idiroko. Ẹ yàn nínú méjì: “the cloth is expensive” tàbí “the price is high”. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: “the cloth is cheap”, “the price is low”.

“Big”, “large”, “great” kò yẹ kó gba àkókò yín pẹ́. “Big” ni ti ẹnu ojoojúmọ́. “Large” ni ti ìwọ̀n àti iye: “a large amount”, “a large number”, aṣọ “large”. “Great” ni ti iyì àti ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn: “a great king”, “great joy”.

Ọ̀kan tún kù. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ti gbé “janjan” tiwọn mì. “Boiling” ni gbóná pẹ̀lú janjan nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. “Freezing” ni tutù pẹ̀lú nini. “Huge”, “tiny”, “filthy”, “furious” wà nínú ẹbí yìí. Ẹ má fi “very” ṣíwájú wọn, àfikún lórí àfikún ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ká yín lára, “absolutely” ni kí ẹ lò: “absolutely freezing”. “Cold” ni kí ẹ fi “very” sí.

Àyẹ̀wò: ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan sílẹ̀: rain, wind, price, sleep, traffic. Bí ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn bá jáde fúnra rẹ̀ bí tónítóní ṣe ń jáde lẹ́yìn “mọ́”, ó ti wọlé. Bí ẹ bá ṣì ń túmọ̀ láti Yorùbá nínú ọkàn yín, ẹ tún un kọ.

Ìpele 3: Ẹ dá Faransé dúró lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ lè gbé ìwé Faransé yẹn wálẹ̀ báyìí. Kì í ṣe pé Faransé kò ràn wá lọ́wọ́, ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó wọ aṣọ kan náà ní èdè méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá ní gbogbo ìgbà. Àwọn tó ń bá ìwé àwọn tí mò ń kọ́ jẹ́ jù nìyí:

“Sensible” ní Faransé ni ẹni tí nǹkan tètè ń dùn, tí omijé rẹ̀ ò jìnnà. “Sensitive” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. “Sensible” ní Gẹ̀ẹ́sì ni olóye, ẹni tó ń fi ọgbọ́n ṣe nǹkan. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé òun “sensible” ti yin ara rẹ̀ láìmọ̀. Èyí tó ń dùn mí ni ẹni tó kọ ọ́ nípa ọ̀gá rẹ̀, tó fẹ́ ní kí wọ́n rọra bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀.

“Actuel” kì í ṣe “actual”. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni “current”. “Actual” ni ohun gan-an, ojúlówó.

“Large” ní Faransé ni fífẹ̀: “wide”. Ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ni “a wide road”.

“Ancien”. Èyí ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. “Mon ancien professeur” kì í ṣe “my ancient teacher”, àyàfi bí tíṣà yín bá ti wà láyé ṣáájú kí wọ́n tó mọ odi Kétu. “My former teacher” ni.

“Sympathique” ni “friendly” tàbí “nice”. “Sympathetic” ni ẹni tó ń báni kẹ́dùn. “Éventuel” ni “possible”, nígbà tí “eventual” jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. “Une somme importante” ni “a large sum”. “Important” ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdílé “-ique” kàn. Faransé ní ìparí kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì nígbà mìíràn, “-ic” àti “-ical”, ìtumọ̀ sì yapa.

“Historique”: “historic” ni ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn, “historical” ni ohun tó jẹ mọ́ ìtàn, ì báà ṣe pàtàkì, ì báà má ṣe. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ní Kétu, jẹ́ “a historic gate”. Ìwé àkọsílẹ̀ nípa bí àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣe fọ́ Kétu lọ́dún 1886 jẹ́ “historical records”. Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ìlú náà fúnra rẹ̀ jẹ́ “historic”.

“Économique”: “economic” jẹ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé, “economical” jẹ mọ́ àìná ìnákúnàá. Ọ̀dọ́kùnrin oní-zémìjàn kan sọ fún mi pé alùpùpù òun “economic”. Alùpùpù tí kì í mu epo púpọ̀ ni “economical”. Ìṣòro tó mú kí epo wọ́n lójijì ló ń jẹ́ “economic”.

“Classique”: orin onífèrè àti gòjé tí àwọn òyìnbó àtijọ́ kọ ni “classical”, àpẹẹrẹ tó pé pérépéré tàbí tí kì í gbó ni “classic”. “COLD FISH” jẹ́ “a classic mistake”.

“Électrique”: fáànù ni “electric”, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ni “electrical engineer”. Ohun kan pàtó tó ń lo iná sábà máa ń jẹ́ “electric”, ẹ̀ka iṣẹ́ lódindi sì jẹ́ “electrical”. Kò fi bẹ́ẹ̀ léwu bíi ti òkè, wọ́n á ṣì gbọ́ yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ èyí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi “-al” sí ìdí gbogbo nǹkan, wọ́n á ní “dramatical”, “automatical”. Kò sí wọn. Ọ̀rọ̀ tí ìparí méjèèjì wà fún, tí ìtumọ̀ sì yapa, kò pọ̀. Ẹ há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò: ẹ túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yín padà sí Faransé, ṣùgbọ́n ẹ fi òfin de ara yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Bí “sensible” yín bá di “raisonnable”, ó dúró. Bó bá kọ̀ láti di “raisonnable”, “sensitive” lẹ ń wá.

Ìpele 4: Ta ló ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é sí?

Ìpele yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí Yorùbá ti bá wa ṣe iṣẹ́ náà tán. Ọ̀dọ́bìnrin kan kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé “I am very interesting in this work”. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ náà wu òun. Ohun tó sọ ni pé òun jẹ́ ẹni tó ń fa àwọn ènìyàn lọ́kàn mọ́ra.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “a”, tó ní “ni” nínú: ayanilẹ́nu, adẹ́rùbani, amúnibínú, adánilágara. Ohun tó ń ṣe nǹkan síni ni gbogbo wọn. “-ing” ni wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì: surprising, frightening, annoying, frustrating. Ẹ wá yí i sí ẹni tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí: ẹni tí ẹnu yà, ẹni tí ẹ̀rù bà, ẹni tí inú bí, ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lágara. “-ed” ni: surprised, frightened, annoyed, frustrated. Ẹ fi “sú” náà kún un. Ọ̀rọ̀ tó ń súni ni “boring”. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sú ni “bored”.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: òfin kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ, pé ènìyàn ló ni “-ed”, nǹkan ló ni “-ing”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ amúnibínú. Tíṣà lè máa súni, mo ti jókòó níwájú irú wọn rí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa tèmi. “A boring teacher” jẹ́ gbólóhùn tó tọ̀nà pátápátá. “A bored teacher” náà tọ̀nà, àmọ́ òun ni iṣẹ́ ti sú.

Àyẹ̀wò: ẹ fi “ẹni tí” àti “ohun tó ń … ni” dán gbólóhùn yín wò ní Yorùbá. Bí “ẹni tí ẹnu yà” bá bọ́ sí i, “-ed”. Bí “ayanilẹ́nu” bá bọ́ sí i, “-ing”. Bí méjèèjì bá bọ́ sí i, ìtumọ̀ méjì ló ní, kí ẹ mú èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ìpele 5: Ìyìn ni àbí èébú?

Bí a bá ní ọmọbìnrin kan rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Bí a bá ní ó ti gbẹ, ìyá rẹ̀ á bi wá léèrè ohun tí a rí. Ara tínrín kan náà là ń sọ. “Slim” ni pẹ́lẹ́ńgẹ́. “Thin” kò yin, ó sì máa ń sún mọ́ àárẹ̀. “Skinny” sábà máa ń tani.

Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná ni “thrifty”. Ahun ni “stingy”. Òkìkí rere: “famous”. Òkìkí burúkú: “notorious”, ẹ má ṣe fi júwe ọba tàbí àlùfáà níwájú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní ọkàn mímọ́ bíi ti ọmọdé: “childlike”. Àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé: “childish”. Àgbà tí ẹ bọ̀wọ̀ fún ni “elderly”, “old” nìkan lè dún bí àrífín.

“Cheap” nìkan ni mo fẹ́ fọwọ́ gbá lórí. Ẹni tó kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ sọ pé ọjà òun kò wọ́n. Etí oníbàárà lè gbọ́ pé ọjà náà kì í tọ́jọ́. Fún aṣọ àti bàtà, “affordable” sàn jù lọ. Fún tòmátò, “cheap” kò burú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ìlú yàtọ̀ sí ìlú. “Homely” ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tó tuni lára bí ilé ẹni. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá fi pe obìnrin, ẹ ti ní kò lẹ́wà. “Sick” náà rí bẹ́ẹ̀: bí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní “I was sick”, ó lè jẹ́ pé èébì ló bì. Ará Amẹ́ríkà kàn ń sọ pé ara òun kò yá ni.

Àyẹ̀wò: ẹ wá ọ̀rọ̀ náà nínú Oxford Learner's. Bí ó bá ní òórùn ìyìn, wọ́n sábà máa ń kọ “approving” sí i. Bí ó bá ní ti èébú, “disapproving”. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan, ẹ ka ìtumọ̀ rẹ̀ àti àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Ìpele 6: Ibi tó ń jókòó sí

Èyí kúrú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ: asleep, afraid, alone, alive. Ẹ kò lè sọ pé “an asleep child”, “a sleeping child” ni. “Ill” náà sábà máa ń wà lẹ́yìn: “the child is ill”, àmọ́ “a sick child”. Àwọn mìíràn kì í kúrò níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ: “former”, “main”, “elder”. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ni “my elder brother”. Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe “elder than me”, “older than me” ni.

Àyẹ̀wò: nínú ìwé atúmọ̀ èdè méjèèjì, ẹ wo bóyá wọ́n kọ “only before noun” tàbí “not before noun” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ dán an wò lójú ayé

Ẹ ṣí Google Books Ngram Viewer, kí ẹ kọ gbólóhùn méjì sínú rẹ̀, kí ẹ fi kọ́mà sí àárín wọn: heavy rain,big rain. Á ya ìlà fún yín láti inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tó ń lọ lókè àti èyí tó ń rákò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá èyí tó borí lórí Google, kí ẹ fi àmì àyọlò sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, kí ẹ ka gbólóhùn mẹ́ta tó gbé e jáde.

Ẹ má fo kíkà yẹn. Bí ẹ bá kọ “cold fish” sínú Ngram, ìlà rẹ̀ á jáde, torí àwọn ènìyàn ń lò ó fún aláìlọ́yàyà. Iye kò sọ ìtumọ̀. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè náà, ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ fún un ní gbólóhùn odindi, kó lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn.

Gbogbo rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan

Ẹnì kan tó ń mú àlejò káàkiri ní Kétu fi èyí ránṣẹ́ sí mi kí n tún un ṣe:

“Akaba Idena is a very historical gate. The price of the visit is not expensive. The old men who explain it are very interested. One of them, my ancient teacher, is elder than my father, but he is never boring with our questions.”

Mo ní kó tún un ṣe fúnra rẹ̀, kó máa pe nọ́ńbà ìpele bó ṣe ń lọ. “Historical” di “historic”, ìpele kẹta, “very” sì kúrò. Price kì í jẹ́ “expensive”, ìpele kejì. “Old men” di “elderly men”, ìpele karùn-ún. Lórí “interested” ó dúró díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni pé ìtàn náà wu àwọn bàbá yẹn fúnra wọn. Mo ní ta lo ń sọ fún? Ó ní àlejò. Kí lo fẹ́ kí àlejò mọ̀? Pé wọ́n ń fani lọ́kàn mọ́ra. “Interesting”, ìpele kẹrin. “Ancient” di “former”. “Elder than” di “older than”, ìpele kẹfà. Ó kù “boring”: ìbéèrè ni kì í sú bàbá náà, “bored”.

Ó wá di: “Akaba Idena is a historic gate. The price of a visit is not high. The elderly men who explain it are very interesting. One of them, my former teacher, is older than my father, but he is never bored by our questions.”

Ogún ìṣẹ́jú ló gbà á. Àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́.

Ní ti ìyá ẹlẹ́ja, FROZEN FISH ló wà lára pátákó rẹ̀ báyìí. Ó ti ra èkejì fún ẹja tó wà lórí ààrò, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kọ DRIED FISH. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wo ohun tó gbẹ ẹja náà. Bó bá jẹ́ oòrùn, “dried” dúró. Bó bá jẹ́ èéfín, SMOKED ni kó kọ.